Ẹ Má Tíì Sọ fún Mọ̀nsúrát

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, ọdún 2025

Ìyá Mọ̀nsúrát,

O kú ìrójú. Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, kó sì dárí ji Kabir àbúrò mi. Láti ìgbà tí a ti sin ín lọ́jọ́ Ajé, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti tu òbí tó pọ̀ nínú, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ fún ara mi.

Ohun tí a fẹnu kò sí lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹta ni mo ń fi sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò gbọ́. A kò ní í sọ fún Mọ̀nsúrát pé bàbá rẹ̀ ti kú, títí yóò fi parí ìdánwò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ọmọ náà kò tíì lo oṣù kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìkòròdú. Tó bá gbọ́ báyìí, á wálé, tó bá sì wálé, kò ní í padà. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Nígbà tí ìyá wa kú, Kabir ń kọ ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́. Wọ́n lọ pè é jáde nínú gbọ̀ngàn, ó fi bírò sílẹ̀ lórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, ìdí ẹ́njìnnì ọkọ̀ ojú omi ló wà títí Ọlọ́run fi pè é. Bẹ́ẹ̀ ó mọ ìwé jù mí lọ.

Torí náà, pa fóònù Kabir, kí o gbé e pamọ́. Ìwọ náà, má gbé ìpè ọmọ náà. Mo mọ ohùn rẹ, kò ní í pẹ́ tí á fi mọ̀ pé nǹkan ṣe ọ́. Lẹ́tà ni kí o máa kọ. Síkírù tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ipakodo ní Ìkòròdú á máa bá ọ gbé e. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì ti búra pé òun ò ní í la ẹnu. Sọ fún ọmọ náà pé Kabir lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí fóònù kì í wọlé. Má jẹ́ kó wálé rárá.

Ìwọ jókòó opó rẹ. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn ní kí o fi wà nílé láìjáde, má jẹ́ kí wọ́n bá ọ níta.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ,
Ìdrís Láwàl


Ejinrin,
14/2/2025

Mọ̀nsúrát, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara rẹ le? Ṣé yàrá tí ẹ háyà yẹn ò mú ooru jù? Èmi wà dáadáa. Mujeeb àbúrò rẹ náà wà, ó kàn ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Mo rí i pé o pè mí títí. Ẹnu fóònù mi ló bàjẹ́. Bí mo bá gbé e, èmi á máa gbọ́ ọ, ìwọ ò ní í gbọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ lẹ́tà. O kúkú mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, má fi mí rẹ́rìn-ín lójú ọ̀rẹ́ rẹ.

Bàbá rẹ lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọ̀gá kan ló ní ọkọ̀ mẹ́jọ níbẹ̀ tí ẹ́njìnnì wọn dákẹ́, ó ní àfi Kabir. Fóònù kì í wọ ibẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó dé, má dààmú.

Mo fi gàrí àti ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan rán Síkírù sí ọ. Mo ti yọ egungun inú ẹja náà nítorí mo mọ̀ ọ́, ìkánjú lo fi ń jẹun. Jọ̀wọ́, fi nǹkan sẹ́nu kí o tó lọ sí kíláàsì. Má máa ronú wálé lópin ọ̀sẹ̀. Jókòó síbẹ̀, kàwé rẹ, bàbá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ìbá wá wò ọ́, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, n kì í jáde nílé rárá.

Sùn dáadáa. Máa kírun lásìkò.

Ìyá rẹ,
Ṣẹ̀rífátù


Ìkòròdú,
25/2/2025

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Mujeeb. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ fi omi gbígbóná sí i.

N kò fi yín rẹ́rìn-ín. Fisáyọ̀, ọmọ Ìkirè tí a jọ háyà yàrá, ní ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára ju ti olùkọ́ wa lọ, torí pé òun lè ka tiyín. Òun ló jẹ ẹja náà tán. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti di ọmọ yín, kí ẹ fi èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́.

Màámi, n kò gbádùn. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí ẹ ò fi ní í sọ pé ọ̀lẹ ni mí. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ẹ́njìnnì wa, obìnrin ò ju mọ́kànlá lọ. Olùkọ́ á wọlé, á kọ nǹkan kún pátákó, á nù ún kúrò kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Àwọn ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn mi ń pè mí ní Alhaja Ẹ́njìnnì. Ní ilé-ìwé wa ní Ejinrin, èmi ni mo máa ń ṣe ipò kìíní. Níbí, nínú ìdánwò kékeré tí a ṣe, mẹ́rin ni mo gbà nínú ọgbọ̀n. Wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́ ara ògiri, gbogbo èèyàn ló kà á.

Oorun kì í kùn mí. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, n kì í lè dìde. Màá wà lójúfò, màá máa gbọ́ tí Fisáyọ̀ ń wẹ̀, tó ń wọṣọ, tó ń pè mí, ṣùgbọ́n ara mi á wúwo bí ẹni pé wọ́n di mí mọ́ ẹní.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti Bàbá. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù Kìíní, mo pè wọ́n, mo ní mo fẹ́ wálé, pé n kò lè ṣe ìwé yìí. Wọ́n ní, "Kí o wá máa bá mi fọ púlọ́ọ̀gì, àbí?" Mo bá fi ìbínú sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ, kì í ṣe èmi." Mo sì pa fóònù mọ́ wọn lójú. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé Ìlàjẹ ni wọ́n lọ, àbí wọn ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni? Mo bi Bọ̀ọ̀dá Síkírù ní Ipakodo, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ń tú okùn ọkọ̀ tí wọ́n ti tú tán.

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Mọ̀nsúrát yín


Ejinrin,
8/3/2025

Ọmọ mi,

O kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣé o máa ń rí nǹkan jẹ ní sààrì?

Lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi láti ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. N kò tètè dáhùn, má bínú. Mo máa bẹ̀rẹ̀, màá tún fi bírò sílẹ̀.

Bàbá rẹ kò bínú sí ọ. Ó wálé fún ọjọ́ kan, ó tún ti padà sí Ìlàjẹ. Mo ka lẹ́tà rẹ fún un. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o gbájú mọ́ ìwé rẹ. Ó ní nígbà tí o bá parí ìdánwò, tí o sì ṣe dáadáa, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó, ẹ á sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Kó tó dìgbà náà, kí o má da ara rẹ láàmú pẹ̀lú fóònù. Ó ní kí o má wá ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀ nílé, kí o lo ìsinmi náà láti kàwé.

Mọ̀nsúrát, gbogbo ẹni tó bá lọ sí ibi tuntun ló máa ń ṣe bí ẹni tó sọnù. Á lọ. Ìwọ ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ láti agbolé wa tí yóò wọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Èmi ń wá ẹni tó máa rán mi kọjá ìwé mẹ́fà, n kò rí. Àwọn ọmọ tí ẹ jọ jáde, wọ́n wà níbí tí wọ́n ń yan ẹja. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe ẹlẹ́yà ni? Gbìyànjú. Mú ọkàn le, nítorí èmi.

Mo fi àkàrà gbígbẹ ránṣẹ́. Pín fún Fisáyọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o kọ́kọ́ jẹ.

Ìyá rẹ


Ìkòròdú,
21/3/2025

Màámi,

Ẹ kú ààwẹ̀.

Ẹ sọ fún Bàbá pé mo ti gbọ́.

Mò ń gba ààwẹ̀ dáadáa. Nínú ààwẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá èèyàn ti jẹun.

Mo fi aago ọwọ́ mi àti bàtà mi tuntun rán Bọ̀ọ̀dá Síkírù. Kí Mujeeb máa lo aago náà. Bàtà náà lè gba ẹsẹ̀ yín, tí ẹsẹ̀ bá ti fúyẹ́. N kò nílò wọn mọ́. Ẹ sọ fún Mujeeb kó má ka irú ìwé tí mò ń kà yìí, kó kọ́ ohun tó bá wù ú.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ìyá ṣe.

Mọ̀nsúrát


Ejinrin,
24/3/2025

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé, ẹ kú ààwẹ̀, sà.

Mo kúnlẹ̀ kọ ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ọmọ náà.

Ó dá aago ọwọ́ àti bàtà rẹ̀ padà. Kabir ló ra aago yẹn fún un lọ́jọ́ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kì í bọ́ ọ tó bá ń wẹ̀ pàápàá. Ó kọ̀wé sí mi bí ẹni tó ń dágbére. Mo kà á fún Ìyá Mojúbàolú tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ẹni tó máa ń wá bá mi jókòó, ó ní, "Ṣẹ̀rífátù, gbéra." Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n gbéra, n kò sì lè gbéra torí mo wà nínú opó.

Ẹ̀bi mi ni. Ẹ ní kí n sọ pé Kabir lọ sí Ìlàjẹ. Ẹ ò ní kí n sọ pé ó ní tó bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò ni òun á bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Mo rò pé á fi kàwé. Ní báyìí, ọmọ náà gbàgbọ́ pé bàbá rẹ̀ lé e.

Mo máa ń tan fóònù Kabir nígbà mìíràn, kí n kàn rí àwòrán rẹ̀ lójú fóònù náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Èyí tó kẹ́yìn ní, "Bàbá, ẹ kàn sọ pé háló." N kò lè ka ìyókù.

Ẹ gbà mí láyè kí n lọ. Tàbí kí ẹ̀yin lọ. Ẹ jọ̀ọ́, sà.

Ṣẹ̀rífátù


Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ọdún 2025

Ìyá Mọ̀nsúrát,

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Fara balẹ̀. Mo ti rí irú èyí lára ọmọ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni wọ́n máa ń sunkún jù, nígbà tó bá di ọdún kejì, àwọn náà á máa fi àwọn tuntun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré. Tí o bá sọ fún un báyìí, ohun tí a ti fi ara dà láti oṣù Kejì á di asán, ìwé ọmọ náà á sì dàrú bíi ti bàbá rẹ̀.

Ní ti opó, o mọ ohun tí àwọn èèyàn á sọ, o sì mọ ohun tí Ọlọ́run wí. Má jáde.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, bí ara bá gbà mí, màá lọ wò ó. Rán an létí pé kó máa ka Kùránì.

Ìdrís Láwàl


Ìkòròdú,
2/4/2025

Màámi Mọ̀nsúrát,

Ẹ káàárọ̀ mà. Orúkọ mi ni Fisáyọ̀, èmi ni mo ń jẹ ẹja yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo kọ̀wé sí yín láìjẹ́ pé Mọ̀nsúrát rán mi. Mo pè yín, ẹ ò gbé e.

Lọ́jọ́ ọdún, kò wọ aṣọ. Ó kọjú sí ògiri. Mo se ìrẹsì, mo ní, "Alhaja, ọdún yín ni, èmi Kristẹni ni mo ń se ìrẹsì ọdún, ẹ ò tijú?" Ó máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Lánàá, mo lọ sí kíláàsì, mo fi í sílẹ̀ lórí ẹní. Ní nǹkan bí aago márùn-ún, ọkùnrin kan pè mí. Òun ló ń pín jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo. Ó ní láti àárọ̀ ni obìnrin kan ti jókòó sí etí omi, ọkọ̀ mẹ́rin ti lọ, kò wọ ìkankan. Ó lọ bá a, ó ní, "Àǹtí, ibo lẹ ń lọ?" Mọ̀nsúrát ní òun ò lọ síbì kankan. Ọkùnrin náà ní ara òun ò balẹ̀, òun bá dì í lọ́wọ́ mú, òun ò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ó fi sọ nọ́ńbà mi. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ṣì dì í mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ọlọ́run á bù kún ọkùnrin yẹn.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ti ronú pé kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó ní, "Mo ti rò ó." Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀mí burúkú. Ó ní àìsàn ni, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn, pé òun ń rí i lára àwọn ọmọ ọdún kìíní lọ́dọọdún, pé ó ní ìtọ́jú. Ó ní kí n má fi Mọ̀nsúrát nìkan sílẹ̀, kí n sì pe àwọn èèyàn rẹ̀ kíákíá. Mò ń tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́dà mi ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ fẹjọ́ sùn.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹ má rò pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá wo ló ń yan ọmọ rẹ̀ lódì dé ibi tó dé yìí? Ó ní, "Tí mo bá kú, bóyá Bàbá á gbé fóònù." Ohùn rẹ̀ lásán ni ọmọ yín fẹ́ gbọ́, mà. Ìṣẹ́jú kan péré.

Ẹ tètè wá.

Fisáyọ̀ Oyèdèjì


Nínú ọkọ̀ Síkírù, ojú omi,
3/4/2025

Mọ̀nsúrát ọmọ mi,

Tí o bá ń ka ìwé yìí, èmi ni mo jókòó tì ọ́. Mo ti sọ fún Fisáyọ̀ lórí fóònù pé n kò ní í fi í lé ọ lọ́wọ́ àfi tí ọwọ́ mi kan bá wà lára rẹ, tí nọ́ọ̀sì sì wà nítòsí. Mò ń kọ ọ́ nítorí mo mọ ara mi, tí mo bá rí ojú rẹ, ẹnu mi ò ní í lè sọ ọ́.

Bàbá rẹ ti kú.

Ó kú lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì. Àárọ̀ ni. Ó lọ sí etí omi bó ṣe máa ń lọ, òun àti àwọn méjì ń sọ ẹ́njìnnì kan kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Kí omi tó dé, ó ti dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e sáré lọ sí Ẹ̀pẹ́, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. A sin ín kí wọ́n tó kírun alásárì. Mo wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra mi kí àwọn ọkùnrin tó gbà á, epo ẹ́njìnnì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, kò lọ.

Kò lọ sí Ìlàjẹ. Kò wálé fún ọjọ́ kan. Gbogbo "bàbá rẹ ní" tó wà nínú àwọn lẹ́tà mi, èmi ni. Èmi ni mo ní kí o má wálé. Èmi ni mo ní kí o kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Mo fi ẹnu òkú lé ọmọ mi kúrò nílé. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ló ní kí a má sọ fún ọ kí ìwé rẹ má baà dàrú, mo sì gbà, torí mo rò pé ohun tó bá ti wà fún ìwé, ire ni. N kò ní í di ẹ̀bi náà ru Bàbá Ẹ̀pẹ́ nìkan. Bírò, ọwọ́ mi ló wà.

Gbọ́ èyí, kí o sì gbà á gbọ́ bí o ò tilẹ̀ gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu mi mọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o pa fóònù mọ́ bàbá rẹ lójú. Ó wo fóònù náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Mọ̀nsúrát, o rí ọmọ rẹ? Ó pa fóònù mọ́ mi! Ìwọ ló fi ìwà yìí jọ." Mo ní, "Ẹ le mọ́ ọn jù." Ó ń nu ọwọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Màá lọ wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá jẹ́ pé ó le jù fún un lóòótọ́, màá mú un wálé. Ìwé ò ní í sá lọ." Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀. Ọjọ́ Ajé ló kú.

Ó ń bọ̀ wá mú ọ, Mọ̀nsúrát. Ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí o ń bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì ọ́, kò ka ẹ̀ṣẹ̀ kankan sí ọ lọ́rùn.

Mo ti jáde nínú opó. Ìyá Mojúbàolú ló lọ bi Ààfáà. Ààfáà ní ohun tó bá ti jẹ mọ́ ẹ̀mí, Ọlọ́run fàyè gbà á. Kó tó padà dé, mo ti wà nínú ọkọ̀, etí omi ló ti jíṣẹ́ náà fún mi. Síkírù ń sunkún bó ṣe ń wakọ̀. Ó ní òun ò lè wo ojú rẹ láti oṣù Kejì.

Ẹ̀rù ń bà mí pé ìwé yìí lè pa ọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé àìkọ ọ́ gan-an ló ti ń pa ọ́. N kò mọ èwo ni kí n ṣe, èmi ò kàwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti sin ẹnì kan lọ́dún yìí.

Bínú sí mi. Pariwo lé mi lórí. Má bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan tó bá wù ọ́. Tí o bá ní o ò ka ìwé mọ́ láé, a jọ máa di ẹrù rẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ fún. Má lọ. Dúró tì mí.

Ìyá rẹ ni


Ìkòròdú,
29/4/2025

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìpadà sínú opó. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín pé ẹ jáde. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá bá mi.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mò ń lo oògùn tí dókítà kọ. Nọ́ọ̀sì ní ó máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń lọ bá obìnrin kan tó ń gba àwa akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo máa ń sunkún, á gbé omi sílẹ̀ níwájú mi. N kò fẹ́ purọ́ fún yín pé ó ti tán. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, n kò lè dìde. Lónìí, mo dìde, mo wẹ̀, mo jẹ ẹ̀bà, mo sì sùn padà. Fisáyọ̀ ní ìyẹn náà wà lára iṣẹ́.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lánàá. N kò sí níbẹ̀. Ilé-ìwé ti gbà kí n ṣe é ní ọdún tó ń bọ̀, bí mo bá fẹ́. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré lọ. Mo rò pé ó máa dùn mí ju bó ṣe dùn mí lọ.

Bàbá Ẹ̀pẹ́ wá. Wọ́n jókòó sórí àga oníke Fisáyọ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tún dé e. Wọ́n ní, "Mo rò pé mò ń dáàbò bo ìwé rẹ ni." Mo ní, "Ẹ dáàbò bo ìwé, sà. Ẹ ò rántí èmi." N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà rí. Mo ti ń retí kí wọ́n jágbe mọ́ mi. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni." Wọ́n wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa dìde. Fisáyọ̀ ló fà wọ́n lọ́wọ́.

Màámi, mò ń bínú sí yín. Wọ́n ní kí n máa sọ ọ́, kí n má gbé e mì. Oṣù méjì ni mo fi ń bẹ òkú. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé mi ò ní í pariwo mọ́, pé màá gba ogún nínú ọgbọ̀n, pé kó ṣáà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ń rí i. Inú mi ń bí mi tí mo bá rántí. N kò tíì dárí jì yín, n kò sì mọ ọjọ́ tí màá dárí jì yín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wà níbí, mo jí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i tí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ń sunkún, ẹ fi gèlè dí ẹnu kí n má baà gbọ́. Mo díbọ́n pé mò ń sùn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá kú, ẹ̀yin sunkún ní Ejinrin, èmi sunkún ní Ìkòròdú, a ò tíì sunkún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ má kọ lẹ́tà sí mi mọ́. Ẹ pè mí. Ẹ má dúró kí ohùn yín kọ́kọ́ dáa. Tó bá jẹ́ pé ẹkún nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ sun ún sínú fóònù, èmi náà á sun tèmi. Tí Mujeeb bá wà nítòsí, kó wá síbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Síkírù ní ìwé yìí á dé ọwọ́ yín kí oòrùn tó wọ̀. Fisáyọ̀ ti ṣèlérí pé òun á jáde síta tí fóònù bá dún. Fóònù náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ pè.

Mọ̀nsúrát